Ọwọ́ Tó Kù Lára Fọ́tò Jacob

Kọ̀ǹpútà kọ́ ló ṣe é. Ẹ jẹ́ ká ti ibẹ̀ bẹ̀rẹ̀, nítorí gbogbo ẹbí Ajíbóyè pátá, láti Òdò-Ọjà nílùú Ìkẹ́rẹ́ títí dé London, ló gbà pé kọ̀ǹpútà ló ṣe é, Ọmọ́rìnsọ́lá sì jẹ́ kí wọ́n gbà bẹ́ẹ̀. Ó mọ̀ pé ọwọ́ òun ni. Ó mọ ìka tó fi tẹ̀ ẹ́ pàápàá.

Ọdún 2003 ni. Ìpínlẹ̀ Èkìtì ò tíì pé ọdún méje tí wọ́n dá a sílẹ̀, fóònù alágbèéká ṣẹ̀ṣẹ̀ ń dé ọwọ́ èèyàn, ẹni tó bá sì ní i a máa gbé e dání bí ẹni gbé ẹyin. Nínú agboolé wọn, Ọmọ́rìnsọ́lá nìkan ló ní i. Báńkì tó ti ń ṣe akọ̀wé l'Ékòó ló kógbá wọlé, ló bá kó kọ̀ǹpútà méjì àti ẹ̀rọ fọtokópì kan wá sílé, ó ṣí ṣọ́ọ̀bù kékeré sí ẹ̀gbẹ́ títì tó lọ sí Àkúrẹ́, ó ń bá àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tẹ iṣẹ́ wọn. Nítorí náà, nígbà tí Bándélé, ọmọ àbúrò bàbá rẹ̀ tó ń gbé ní Amẹ́ríkà, sọ pé òun fẹ́ dá ìkànnì sílẹ̀ fún ẹbí lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, níbi tí oníkálukú yóò ti máa rí fọ́tò ara wọn, tí wọn yóò sì ti máa gbọ́ ẹni tó bímọ, ẹni tó gboyè àti ẹni tó ṣílé, ta ni wọn ìbá tún máa wá kiri? Bándélé ṣe ìkànnì náà tán láti ọ̀hún, ó fi páswọ́ọ̀dù ránṣẹ́ sí Ọmọ́rìnsọ́lá, ó ní kó máa kó àwọn ará ilé sí i lọ́kọ̀ọ̀kan: fọ́tò, orúkọ, orúkọ bàbá, orúkọ ìyá.

Orúkọ ìyá yẹn ni ọ̀rọ̀ wà.

Ìyàwó méjì ni olóògbé Ajíbóyè, bàbá Ọmọ́rìnsọ́lá, fẹ́. Ìyálé wá láti Ìṣẹ̀, kò rọ́mọ bí. Ìyàwó kejì, tó jẹ́ ìyá Ọmọ́rìnsọ́lá, kò pẹ́ nílé rárá tó fi bí ọmọkùnrin, wọ́n sì sọ ọ́ ní Jacob. Ọjọ́ tí wọ́n já Jacob lẹ́nu ọmú, ìyá rẹ̀ wẹ̀ ẹ́, ó fi òróró pa á lára, ó gbé e lọ sí yàrá ìyálé, ó gbé e lé e lórí itan, ó ní, "Ẹ gba ọmọ yín." Ó jáde, ó lọ gún iyán alẹ́. Láti ọjọ́ náà ni wọ́n ti ń pe ìyálé ní Ìyá Jacob. Òun ni ọmọ náà ń sùn tì, òun ló ru kòkó láti oko wá sí ilé tó fi rán an níwèé, òun ni Jacob ń kọ lẹ́tà sí nígbà tó dé London, òun náà sì ni àwọn ọmọ Jacob ń pè ní Grandma. Ìyàwó kejì bí méjì sí i, wọn ò dúró. Ọmọ́rìnsọ́lá ló dúró, nígbà tí Jacob ti dàgbà tó ẹni tó ń gun ọ̀pẹ.

Gbogbo Òdò-Ọjà ló mọ̀. Jacob fúnra rẹ̀ mọ̀. Kì í ṣe pé wọ́n fi pa mọ́. Wọ́n ṣe é ni, ó sì parí, kò sẹ́ni tó ń sọ ọ́ mọ́.

Ọmọ́rìnsọ́lá nìkan ni kò parí fún. Nígbà tí ìyá rẹ̀ kú, lẹ́bàá sàréè, pásítọ̀ ní kí àwọn ọmọ olóògbé wá bu erùpẹ̀. Ọmọ́rìnsọ́lá nìkan ló jáde. Ó gbé ojú sókè, ó rí Jacob, tó ti London wọkọ̀ òfuurufú wá, tó pa màlúù, tó san owó pósí, tó dúró lẹ́yìn Ìyá Jacob, tó sì ń fi agbòòrùn ṣíji bò ó, torí oòrùn mú. Kò kúrò níbẹ̀. Ọmọ́rìnsọ́lá bu erùpẹ̀ náà ní ẹ̀ẹ̀mejì, ó sì ń wò wọ́n bó ṣe ń bù ú.

Ó wá di ọdún Àjíǹde. Ẹbí péjọ sí pálọ̀ bàbá wọn, Ọmọ́rìnsọ́lá sì ṣàlàyé ìkànnì náà fún wọn. Àwọn àgbà mi orí bí ẹni tó yé. Nígbà tí wọ́n tú ká tán, Ìyá Jacob pè é sí yàrá. Ó ti lé ní ẹni ọgọ́rin ọdún, ojú rẹ̀ ò ríran dáadáa mọ́, ṣùgbọ́n ọwọ́ rẹ̀ mọ ibi tí gbogbo nǹkan wà nínú àpótí rẹ̀.

"Sọlá, ulé ni ẹ ń kọ́ sí unú ẹ̀rọ ọ̀hún?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, Màmá, ilé ẹbí ni. Gbogbo wa la máa wà níbẹ̀."

"Èmi náà?"

"Ẹ̀yin kẹ̀. Ẹ̀yin lẹ máa ṣíwájú."

Ìyá Jacob tú gèlè àtijọ́ kan, ó yọ fọ́tò kan jáde nínú rẹ̀, ọ̀kan ṣoṣo tí wọ́n yà fún un nígbà ọ̀dọ́ rẹ̀. Òun ló jókòó lórí àga nínú aṣọ àrán, Jacob dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ pẹ̀lú ṣòkòtò péńpé àti ìbọ̀sẹ̀ funfun, orí rẹ̀ ń dán, ọwọ́ ìyá náà sì wà lórí èjìká ọmọ.

"Fi èyí sí i," ló wí. "Kí àwọn ọmọ Jacob rí i pé bàbá wọn ṣe ọmọdé rí."

Ọmọ́rìnsọ́lá gbà á tọwọ́tọwọ́, ó kúnlẹ̀ gbà á. Kí n sọ òótọ́, ó fẹ́ ṣe é bí wọ́n ṣe wí. Kò sí ibi kankan lọ́kàn rẹ̀ nígbà tó fi wọ mọ́tò lọ sí Adó, nítorí Adó nìkan ni wọ́n ti lè rí íńtánẹ́ẹ̀tì nígbà náà. Ó jókòó síbi ìdíkọ̀ǹpútà kan tí wọ́n ti ń sanwó lo íńtánẹ́ẹ̀tì ní Òkèṣà, ó fi ẹ̀rọ da fọ́tò náà kọ wọnú kọ̀ǹpútà, ó ṣí ojú-ewé Jacob, ó kọ orúkọ rẹ̀, ó kọ orúkọ bàbá. Ìlà tó kàn béèrè orúkọ ìyá.

Ó kọ Adéfúnkẹ́, orúkọ tí bàbá àti ìyá Ìyá Jacob sọ ọ́. Ó wò ó. Ó rántí agbòòrùn ọjọ́sí. Ó pa á rẹ́, ó kọ Abigail, orúkọ ìyá tirẹ̀, ó sì tẹ̀ ẹ́.

Ẹni tó bá ti gun igi dé ìdajì kì í rántí ilẹ̀ mọ́, bẹ́ẹ̀ ló ṣe rí fún un. Ibi tí wọ́n ní kí fọ́tò wà kò tóbi, orí àti èjìká nìkan ló gbà, ó sì ní láti gé fọ́tò náà. Ó gé àga kúrò, ó gé aṣọ àrán kúrò, ó gé ìyá tó jókòó kúrò. Ìka mẹ́rin ló kù lórí èjìká ọmọ náà. Ì bá gé ìyẹn náà, ṣùgbọ́n etí Jacob ì bá bá a lọ, ló bá fi í sílẹ̀. Ó ní kí wọ́n bá òun tẹ èyí tó kù náà sórí bébà, ó fi í sínú báàgì rẹ̀, nítorí ó fẹ́ gbé e kọ́ sí ẹ̀gbẹ́ fọ́tò ìyá rẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù.

Lẹ́yìn náà ló ṣí ojú-ewé Ìyá Jacob. Ẹ̀rọ náà ti kó gbogbo ohun tó mọ̀ síbẹ̀ fúnra rẹ̀. Orúkọ: Adéfúnkẹ́ Ajíbóyè. Ọkọ: Ajíbóyè. Àwọn ọmọ: kò sí.

Ó rí i. Ẹ má gbàgbé pé ó rí i. Ó jókòó wò ó títí àkókò tó sanwó fún fi tán, tí ojú kọ̀ǹpútà fi ṣú, ó sì dìde.

Nígbà tó dé Ìkẹ́rẹ́, Ìyá Jacob ti gbé iyán pa mọ́ dè é, ẹran ìgbẹ́ ló sì fi sí i.

"O ti kó wa wọlé?"

"Mo ti kó yín wọlé, Màmá."

"Èmi àti Jacob?"

"Bẹ́ẹ̀ ni."

Ó jẹ iyán náà tán. Ẹ̀rí ọkàn ò jẹ́ kó mọ adùn rẹ̀, ṣùgbọ́n ó jẹ ẹ́ tán.

Láràárọ̀ ọjọ́ Ìsinmi, kí wọ́n tó lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, Jacob a máa pe fóònù Ọmọ́rìnsọ́lá láti London, Ọmọ́rìnsọ́lá a sì gbé e lọ fún Ìyá Jacob, a mú un mọ́ ọn létí. Lọ́jọ́ Ìsinmi tó tẹ̀ lé e, Mercy ló kọ́kọ́ bọ́ sórí fóònù, ọmọbìnrin Jacob tí kò tíì ju ọmọ ọdún mọ́kànlá lọ. Jacob ti kọ́ wọn ní Yorùbá, wọ́n ń sọ ọ́ bí ẹni ń gun òkúta. Ohùn ọmọ náà ga tó bẹ́ẹ̀ tí Ọmọ́rìnsọ́lá fi ń gbọ́ gbogbo rẹ̀.

"Grandma, ẹ káàárọ̀. Grandma, mo rí yín nínú kọ̀ǹpútà. Ó ní ẹ ò ní ọmọ. Ó ní ìyá Daddy ti kú. Ta wá ni yín?"

Ọmọ́rìnsọ́lá mú fóònù náà mọ́ etí Ìyá Jacob sí i, nítorí kò mọ ohun mìíràn tí ì bá fi ọwọ́ rẹ̀ ṣe.

"Tún un sọ, ọmọ mi," ni Ìyá Jacob wí.

Mercy tún un sọ. Kò fi ibi sọ ọ́, ohun tó kà ló ń béèrè.

"Mo gbọ́. Ó dáa. Bá mi kí bàbá ẹ." Ó fi ọwọ́ ti fóònù náà kúrò létí rẹ̀. Kò lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ náà.

Jacob pè padà lọ́sàn-án, ohùn rẹ̀ ò balẹ̀. "Sọlá, kí ló ṣẹlẹ̀ sí ìkànnì yẹn?"

Ibi tó ti lè sọ òótọ́ nìyẹn. Ọ̀nà ṣí sílẹ̀ gbayawu níwájú rẹ̀.

"Kọ̀ǹpútà ló ṣe é, Bọ̀dá Jacob," ló wí. "Bí Bándélé ṣe tò ó ni."

"Mo rò bẹ́ẹ̀ náà. Kí ni ẹ̀rọ mọ̀ nípa ilé wa?"

Bándélé pè lálẹ́, ó dọ̀bálẹ̀ lórí fóònù, ó ń bẹ Ìyá Jacob nítorí ohun tí kò ṣe. Ọmọ́rìnsọ́lá ló mú fóònù náà dání, ó ń gbọ́ ẹ̀bẹ̀ yẹn. Ojú tì í débi pé ó ń wo ilẹ̀.

Láti ọjọ́ kejì, Ìyá Jacob ò jẹ́ orúkọ rẹ̀ mọ́. Bọ́sẹ̀dé, aládùúgbò wọn tó máa ń bá a pọnmi, dúró lójú ọ̀nà, ó ní, "Ìyá Jacob, ẹ káàárọ̀ o." Ìyá náà ń ṣa ewé gbúre lọ, kò gbé ojú sókè. Bọ́sẹ̀dé tún un pè.

"Adéfúnkẹ́ lorúkọ mi," ló dá a lóhùn.

Bọ́sẹ̀dé rẹ́rìn-ín, ó rò pé eré ni. Nígbà tó rí i pé kì í ṣe eré, ó gbé garawa rẹ̀, ó lọ.

Wọn ò rí ẹni tó gbọ́dọ̀ pe àgbà obìnrin ní Adéfúnkẹ́ ní Ìkẹ́rẹ́. Nítorí náà kò sẹ́ni tó ń pè é ní ohunkóhun mọ́. Wọ́n ń kí i láìsí orúkọ, wọ́n sì ń yára kọjá. Ọmọ́rìnsọ́lá a máa jókòó ní ṣọ́ọ̀bù, a máa tẹ iṣẹ́ oníṣẹ́ ní àṣìtẹ̀. Àwọn kan tilẹ̀ ń kí i pé ó kú ìdààmú, ohun tí ẹ̀rọ ṣe fún wọn yìí ò dáa. Ó ń dáhùn pé ẹ ṣeun.

Lọ́jọ́ kan tó ti ṣọ́ọ̀bù dé, ó bá ìyá náà tó ń ká aṣọ sínú àpò kan.

"Màmá, ibo lẹ̀ ń lọ?"

"Ìṣẹ̀. Ulé bàbá mi. Mo ti ránṣẹ́ sí àwọn ẹbí mi, mọ́tò á wá gbé mi lọ́la."

"Kí lẹ fẹ́ lọ ṣe níbẹ̀?"

"Obìnrin tí kò lọ́mọ, kí ló ń ṣe lí ulé ọkọ nígbà tí ọkọ ti kú?" Kò fi ìbínú sọ ọ́. Ó ká ìró kan, ó fi ọwọ́ tẹ̀ ẹ́ kó lè gún. "Lí oṣù Kejìlá, Jacob á kó àwọn ọmọ rẹ̀ wá. Mi ò fẹ́ kí àwọn ọmọ ọ̀hún bá mi níbí kí wọ́n máa bi mí ta ni mo jẹ́."

Nígbà tí Ọmọ́rìnsọ́lá gbọ́ èyí, ìdí rẹ̀ ò gba ìjókòó mọ́; ó pe Jacob láti sọ fún un, Jacob ní kó bẹ Màmá kó dúró. Kílẹ̀ tó mọ́ dáadáa lọ́jọ́ kejì, ó ti wà nínú mọ́tò Adó, òun sì ni oníbàárà àkọ́kọ́ tó wọlé síbi ìdíkọ̀ǹpútà náà. Ó ṣí ojú-ewé Jacob. Ó fi fọ́tò náà padà lódindi, àga àti àrán àti ìyá. Ó dé ìlà orúkọ ìyá. Ó ní kí òun kọ méjèèjì, ẹ̀rọ náà kọ̀; ìyá kan ṣoṣo ló gbà.

Ó ku kó pa orúkọ Abigail rẹ́.

Ẹ̀rù bà á. Nígbà tó kọ ọ́ lọ́jọ́sí, kò jọ bí nǹkan gidi, ṣùgbọ́n pípa á rẹ́ yìí dà bí ìgbà tó ń lọ yọ ọmọ náà lórí itan ìyá rẹ̀. Ibẹ̀ ló ti yé e. Ẹnì kan ti ṣe é rí. Ìyá rẹ̀ ló wẹ̀ ẹ́, òun ló fi òróró pa á lára, òun ló fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn lọ sí yàrá kejì. Kò sẹ́ni tó fi agbára gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Èmi sì wá ń bá a jà fún un, ni Ọmọ́rìnsọ́lá wí nínú ara rẹ̀, mo ń já ohun tó fi fúnni gbà padà. Ó pa orúkọ náà rẹ́, ó kọ Adéfúnkẹ́, ó sì sunkún níbẹ̀ níṣojú àwọn tó wá yẹ èsì ìdánwò wò. Nígbà tó padà wo ojú-ewé ìyá rẹ̀, orúkọ Ọmọ́rìnsọ́lá nìkan ló kù níbẹ̀ bí ọmọ.

Ó ní kí wọ́n tẹ ojú-ewé tuntun Ìyá Jacob sórí bébà fún un. Ó bá mọ́tò sáré padà sí Ìkẹ́rẹ́, ó ń gbàdúrà kí mọ́tò Ìṣẹ̀ má tíì dé.

Kò tíì dé. Ìyá náà jókòó sí ẹnu ọ̀nà, àpò lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó ti wé gèlè. Ọmọ́rìnsọ́lá kúnlẹ̀, ó fi bébà lé e lọ́wọ́, ó fi ìka tọ́ka sí ìlà náà, ó kà á sókè fún un. "Àwọn ọmọ: Jacob. Wọ́n ti tún un ṣe, Màmá."

"Ta ló tún un ṣe?"

"Àwọn..." Ó gbé ojú sókè wò ó. "Èmi ni. Èmi náà ni mo bà á jẹ́, Màmá. Kọ̀ǹpútà kọ́. Orúkọ yín ni mo kọ́kọ́ kọ, mo sì fọwọ́ ara mi pa á rẹ́."

Ìyá náà ń wo ojú títì. "Mo mọ̀," ló wí.

"Ta ló sọ fún yín?"

"Ujọ́ tí a sin yèyé ẹ, mo rí ojú ẹ lí etí sàréè. Ojú mi ríran dáadáa lí ugbà náà. Mo sọ fún Jacob pé kó lọ bu erùpẹ̀, ó ní yèyé ẹ ti kìlọ̀ fún òun kó tó kú, pé òun kò gbọdọ̀ fi mí sílẹ̀ lí oòrùn lọ́jọ́ náà, kí ẹnikẹ́ni má baà rò pé ó padà gba ọmọ rẹ̀. Ó yẹ kí mo ti sọ fún ẹ láti ujọ́ náà. Èmi náà ṣe àṣìṣe."

Ọmọ́rìnsọ́lá fẹ́ kó bú òun. Ì bá fẹ́ kó gbá òun létí pàápàá. Ó kó ọwọ́ sínú báàgì, ó yọ fọ́tò kejì tó wà níbẹ̀ láti ọjọ́ àkọ́kọ́, èyí tí kò tíì láyà láti gbé kọ́, nítorí kò fẹ́ kí ohunkóhun tún kù tí òun fi pa mọ́.

"Mo gé yín kúrò, Màmá. Ẹ wò ó. Ìka yín nìkan ló kù."

Ìyá náà gbà á, ó gbé e súnmọ́ ojú rẹ̀ gan-an. Ó fi àtàǹpàkò ra èjìká ọmọ inú fọ́tò náà.

"Yèyé ẹ ńkọ́? Ta ló kù fún un lí unú ẹ̀rọ ọ̀hún?"

"Èmi nìkan."

"Kò dáa bẹ́ẹ̀. Jẹ́ kí orúkọ ọmọ wà lí ọ̀dọ̀ mi, bí òun fúnra rẹ̀ ṣe fẹ́ ẹ nìyẹn. Ṣùgbọ́n fi fọ́tò yìí sí ọ̀dọ̀ yèyé ẹ. Má gé ọwọ́ mi kúrò." Ó dá a padà fún un. "Kó lè rí i pé mo dì í mú dáadáa."

Ọmọ́rìnsọ́lá fi orí lé e lórí orúnkún. Ibẹ̀ ni mọ́tò Ìṣẹ̀ ti dé, awakọ̀ rẹ̀ fun fèrè. Bọ́sẹ̀dé tó ń bọ̀ láti ibi omi rí àpò náà, ó dúró, kò mọ bí yóò ṣe kí ìyá náà.

"Kí ló dé tí o ò kí mi?" ni ìyá náà wí fún un.

"Ẹ káàárọ̀... Ìyá Jacob."

"Àárọ̀, ọmọ mi. Bá mi sọ fún ẹni yẹn pé mi ò lọ mọ́."

Ọmọ́rìnsọ́lá gbé àpò náà wọlé. Kò wúwo rárá, ìyẹn sì tún dùn ún. Nígbà tó jáde, Ìyá Jacob ti na ọwọ́ sí fóònù Ọmọ́rìnsọ́lá.

"Èmi á bá Mercy sọ tèmi. Ìwọ, bá Jacob sọ tìẹ."

Ọmọ́rìnsọ́lá tẹ nọ́ńbà náà fúnra rẹ̀. Ó gbọ́ bó ṣe ń dún ní London, ó gbọ́ ohùn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tó ń béèrè bóyá Màmá ti gbà láti dúró.

"Bọ̀dá Jacob," ló wí, "kọ̀ǹpútà kọ́ ló ṣe é."